Ọdún mẹ́ta fún Gooch, títí ayé fún tiwa

Inú bí mi ní ṣọ́ọ̀bù bábà lánàá o. Nottingham níbí ni, wọ́n ti fá ẹ̀gbẹ́ orí mi kan, ó ku ìkejì, bàbá ará Barbados kan tó máa ń jókòó síbẹ̀ bá dárúkọ Franklyn Stephenson, ọmọ Barbados tó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní ìlú yìí nígbà kan, ni ọmọkùnrin kan bá já ọ̀rọ̀ gbà, ó ní ṣé èyí tó ta ara ẹ̀ fún àwọn apartheid yẹn?

Ẹ gbọ́ ná. Èmi kì í ṣe ará kíríkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ téèyàn bá pẹ́ ní ìlú yìí, wọ́n á ròyìn ohun tí Stephenson ṣe ní 1988 fún un ṣáá ni. Bọ́ọ̀lù jíjù ni iṣẹ́ ẹ̀ gan-an ní Nottinghamshire, ẹgbẹ́ agbègbè wa níbí o, ó sì gba wíkẹ́ẹ̀tì 125 ní sáà yẹn, ìyẹn ni pé ìgbà 125 ló lé ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù jáde. Ó wá ku ìdíje kan, ó ku rọ́ọ̀nù 210 (ìyẹn àmì tí wọ́n ń gbà téèyàn bá gbá bọ́ọ̀lù) kó pé ẹgbẹ̀rún. Ó gbá 111 mọ́ Yorkshire lórí, nígbà tó tún kàn án, ó tún gbá 117, ó gba wíkẹ́ẹ̀tì 11 lé e, wọ́n sì tún fìdí rẹmi! (Kí lẹni kan ṣoṣo tún fẹ́ ṣe?)

Bàbá yẹn dìde, ó mú kóòmù bíi bọ́ọ̀lù, ó ń fi slower ball Stephenson hàn wá, bọ́ọ̀lù ẹ̀tàn tí kì í yára: apá á yí bíi pé iná ló ń bọ̀, ẹni tó di igi mú á rí i tó ń bọ̀ lókè lókè, á yáa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má fọ́ òun lójú, bọ́ọ̀lù á wá rọra já wálẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ ẹ̀, á lọ wó àwọn igi wíkẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín.

Stephenson yìí ò gbá ìdíje kan rí fún West Indies, ẹgbẹ́ tí Barbados, Jamaica àtàwọn erékùṣù yòókù jọ ní. Torí 1983 ni, tó bá àwọn agbá-kíríkẹ́ẹ̀tì West Indies kan lọ gbá ní South Africa, nígbà tí wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má lọ ṣeré níbẹ̀ torí apartheid. Ọmọ ọdún 23 ni, Marshall àti Holding àti Garner, àwọn ajubọ́ọ̀lù ńlá West Indies, ti dí ọ̀nà mọ́ ọn nílé, owó sì wà lọ́hùn-ún. Wọ́n fòfin dè wọ́n títí ayé. Ìgbà tí wọ́n fi máa tú u sílẹ̀ ní 1989, ó ti pé ọgbọ̀n. Richard Austin tí wọ́n jọ lọ, títì Kingston ló ti ń tọrọ owó kó tó kú ní 2015. Gooch ńkọ́, agbá-kíríkẹ́ẹ̀tì England tó kó àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ South Africa yìí náà ní 1982? Ọdún mẹ́ta péré, ó padà wá di kápútẹ́ẹ̀nì England. Ezra Moseley nìkan nínú àwọn West Indies tiwa tó lọ ló ráyè wọ Test, ìdíje ńlá láàárín orílẹ̀-èdè, lẹ́yìn náà, méjì péré, 1990, ibẹ̀ ló ti ju bọ́ọ̀lù tó ṣẹ́ ọwọ́ Gooch. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbádùn ìyẹn.

Mo délé, mo pe Dádì n'Íbàdàn, mo rò pé wọ́n á gbè mí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Ní 1986 tí Nàìjíríà ní a ò lọ ìdíje Commonwealth ní Edinburgh mọ́ torí South Africa yìí náà, àwọn ọmọ tó ti ń sáré láti ìdájí, ta ló fún wọn lówó?”

Mo ní Dádì, ìyẹn yàtọ̀. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ìyàtọ̀ ẹ̀. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.