Oòrùn kọ́ ló ń fa ibà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá sí láàbù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ara ọmọ gbóná janjan. Mo bi í pé kí ló dé tí kò tètè gbé e wá. Ó ní oòrùn ló pa á, pé ọ̀sán gangan ló máa ń gbá bọ́ọ̀lù. Bàbá kan tó jókòó sítòsí mi orí: "Oòrùn náà ni, ìyá. Ẹ dín epo tí ẹ ń fún un kù." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi pátápátá.

Ohun tó ń fa ibà lórúkọ. Plasmodium ni. Ẹ̀dá alààyè tín-ín-tín ni, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀, inú ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wa ló ti ń jẹ tó sì ń bí sí i. Kì í ṣe aràn, kì í ṣe bakitéríà. Laveran, dókítà àwọn ọmọ ogun Faransé, ló kọ́kọ́ rí i nínú ẹ̀jẹ̀ sójà kan ní Algeria lọ́dún 1880. Ní 1897, Ronald Ross, dókítà òyìnbó kan, rí i nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó yẹ kó parí àríyànjiyàn ni ti ọdún 1900. Nígbà náà, àwọn òyìnbó pàápàá ṣì ń sọ pé afẹ́fẹ́ burúkú inú irà ló ń fa ibà. Patrick Manson, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wá ṣètò ohun méjì. Àkọ́kọ́, dókítà méjì, Sambon àti Low, lọ ń gbé nínú ahéré onípákó nínú irà Ostia lẹ́bàá Róòmù, níbi tí ibà ti ń dá àwọn àgbẹ̀ dúbúlẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà. Lọ́sàn-án, wọ́n ń rìn kiri nínú oòrùn, òjò ń pa wọ́n. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti wọlé, wọ́n ti tìlẹ̀kùn. Wọn ò lo kuníìnì, oògùn ibà ayé ìgbà náà, rárá. Títí dé oṣù October, ibà kò mú ìkankan nínú wọn. Ìkejì, wọ́n kó ẹ̀fọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ àwọn alárùn ibà ní Róòmù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n jẹ́ kó jẹ ọmọ Manson fúnra rẹ̀. Ibà dá ọmọ náà dúbúlẹ̀, wọ́n sì rí Plasmodium nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó jẹ oòrùn Ítálì yó, ibà ò mú wọn. Ẹni tó wà ní Ìlú Òyìnbó, ẹ̀fọn jẹ ẹ́, ibà mú un. Kí la tún ń wá?

Ti epo kò tilẹ̀ gba àlàyé púpọ̀. Ojú àti ìtọ̀ tó pọ́n ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń ní epo ló fà á. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò náà bẹ́ dànù ló ń fa ìyẹn.

Mo gún ìka ọmọ náà, mo fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì, mo da oògùn aláró lé e, mo jẹ́ kó gbẹ, mo gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Òrùka wínníwínní wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì kan létí bí òkúta ojú òrùka. Mo pe ìyá rẹ̀ kó wá fojú ara rẹ̀ wò ó. Mo bi í léèrè nẹ́ẹ̀tì. Ó ní ó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi kó o fún òun.

Mo gbà pé oòrùn lè fọ́ni lórí, àti pé kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ní láti ṣe àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ oòrùn ni, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni láàbù wa ì bá máa kún. Ìgbà òjò ló ń kún.

Ẹlòmíràn á ní ọjọ́ tí òun ṣiṣẹ́ lóòrùn gan-an ni ibà gbé òun dè. Bí ẹ̀fọn bá jẹ yín, inú ẹ̀dọ̀ ni kòkòrò náà kọ́kọ́ ń sá lọ, ó sì máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ kó tó jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ibà tó mú yín lọ́jọ́ tí ẹ lọ sóko, ẹ̀fọn tó gbé e wá ti jẹ yín lóru, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.