Ta ló ní ọmọ ọdún mẹ́ta kì í rántí nǹkan?

Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwa òbí Èkó. Ẹ gbé ọmọ ọdún mẹ́ta wọ tírénì aláwọ̀ búlúù láti Mile 2 dé Marina, ọmọ ń pariwo omi rèé, omi rèé, ìdùnnú ò jẹ́ kó lè jókòó, ẹnì kan á ṣáà yọjú wí pé "owó lẹ kàn ń ná dànù yẹn, kí lọmọ tó kéré báyìí fẹ́ rántí níbẹ̀?" Àwa náà á sì gbà bẹ́ẹ̀. Tá a bá délé, a bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, a fún un lóúnjẹ, ọ̀rọ̀ ìrìn yẹn tán nìyẹn, ṣebí fọ́tò ti wà lórí fóònù, á wò ó tó bá dàgbà.

Irọ́ ni jàre. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó máa wọ̀ wá létí: tí wọ́n bá bi àwa àgbà pé kí ni nǹkan àkọ́kọ́ tá a rántí láyé wa, ọ̀pọ̀ wa ò ní rí nǹkan kan dì mú tó ṣẹlẹ̀ kó tó di pé a pé ọmọ ọdún mẹ́ta, mẹ́ta ààbọ̀. Àmọ́ àgbà ni wọ́n bi o! Wọn ò bi ọmọ ọdún mẹ́ta fúnra ẹ̀.

Carolyn Rovee-Collier ní Yunifásítì Rutgers l'Amẹ́ríkà tiẹ̀ bi àwọn ọmọ ọwọ́, kì í kàn ṣe ẹnu ló fi bi wọ́n ni. Wọ́n á tẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, wọ́n á so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀, wọ́n á fi ẹnu ríbọ́ọ̀nù yẹn kọ́ àwọn tọ́ì tí wọ́n so rọ̀ sókè orí ẹ̀. Ọmọ ju ẹsẹ̀, tọ́ì jó. Kò ní pẹ́ tó fi máa mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ló ń ṣe é, ló bá ń ju ẹsẹ̀ láìsinmi. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan wọ́n tún gbé tọ́ì kan náà wá, wọn ò tíì fi ríbọ́ọ̀nù kọ́ ọ o, bí ọmọ ṣe rí i báyìí ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ jíjù. Ọmọ tí kò tíì lè dá jókòó.

Bó ṣe ń dàgbà gan-an ló ń gbàgbé. Ní 2014, Patricia Bauer àti ẹnì kejì ẹ̀ ní Yunifásítì Emory gbé ìwádìí kan jáde, wọ́n gba ohùn àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ nípa nǹkan tí ojú wọn rí, wọ́n wá padà bi wọ́n lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Àwọn tí wọ́n bi nígbà tí wọ́n wà láàárín ọdún 5 sí 7 rántí ju ìdá 60 nínú 100 lọ. Àwọn tó ti pé ọdún 8 tàbí 9 kí wọ́n tó bi wọ́n ò rántí tó 40. Ẹ ò rí i pé nǹkan wà ńbẹ̀ lónìí, ó kàn ń lọ díẹ̀díẹ̀ ni, àwa wá ń sọ pé torí pé ó máa lọ, ká má bá ọmọ sọ ọ́.

Kò sì kí ń lọ bákan náà níbi gbogbo. Ní New Zealand, ìwádìí kan ní 2000 bi àwọn àgbà nípa ìrántí wọn àkọ́kọ́, tàwọn Māori, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, bọ́ sí nǹkan bí oṣù 33, kò tíì pé ọdún mẹ́ta, tàwọn òyìnbó ibẹ̀ sún mọ́ oṣù 43. Àwọn Māori kì í fi ìtàn àtẹ̀yìnwá ṣeré. Àwa náà ò kí ń fi í ṣeré, a ń ki ọmọ ní oríkì, a mọ ilé tí bàbá ńlá ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, àmọ́ ohun tójú ọmọ fúnra ẹ̀ rí lánàá, a ò kà á sí ìtàn.

Bá a ṣe ń sọ ọ́ náà wà ńbẹ̀. Àwọn kan á sọ ọ́ di ìdánwò: "Kí la rí ní Balógun? Mo ní kí la rí? Ìwọ ò tiẹ̀ mọ nǹkan kan." Ọmọ á panu mọ́. Ẹ wá gbọ́ ìyá kan ládùúgbò wa ní Ṣómólú, ó ń dirun fún ọmọ ẹ̀:

"Ọjọ́ tí òjò ká wa mọ́ Ìdúmọ̀tà yẹn, abẹ́ agboòrùn ta la sá sí?"
"Ti màmá ẹlẹ́pà."
"Ẹn-ẹ́n, màmá ẹlẹ́pà! Wọ́n tiẹ̀ fún wa ní ẹ̀pà. O wá ń sunkún, kí ló dé gan-an?"
"Omi wọ bàtà mi. Bàtà tuntun."

Ìyá ti rò pé àrá tó sán ló bà á lẹ́rù látọjọ́ yẹn!

Robyn Fivush l'Amẹ́ríkà àti Elaine Reese ní Yunifásítì Otago, New Zealand, ti ń wádìí irú ọ̀rọ̀ báyìí ó lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ohun tí wọ́n ní ká ṣe rèé: kẹ́ ẹ bi ọmọ ní ìbéèrè tó lè fi ẹnu ara ẹ̀ dáhùn, kẹ́ ẹ gba ohun tó sọ, kẹ́ ẹ fi tiyín lé e. Reese àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kọ́ àwọn ìyá kan bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ wọn ò ju ọdún kan ààbọ̀ sí méjì ààbọ̀ lọ, nígbà táwọn ọmọ náà fi máa pé ọdún 15, wọ́n mọ ìtàn ayé ara wọn sọ ju àwọn tí wọn ò kọ́ ìyá wọn lọ, àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì kéré lára wọn. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni ti ikú. Mọ́mì àgbà kú, wọ́n ní ká sọ fọ́mọ pé wọ́n rìnrìn àjò, á gbàgbé. Kò ní tètè gbàgbé o. Ọmọ tó kọ ẹ̀bà tí Mọ́mì àgbà fún un lọ́jọ́ tó rí wọn kẹ́yìn lè máa rò ó nínú ara ẹ̀ pé torí òun ni wọ́n ṣe lọ, ta ló fẹ́ tú u sílẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò bá bá a sọ ọ́? Ẹ sọ fún un pé àìsàn ni, pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sunkún, kẹ́ ẹ tún jọ rántí bí wọ́n ṣe máa ń jó. Tí kò bá fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àsìkò dà l'Èkó yìí, sún kẹrẹ fà kẹrẹ orí Third Mainland ńkọ́? Àsìkò irun dídì, àsìkò aṣọ fífọ̀ ní Sátidé? Èdè tó bá sì yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu jù ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́, kì í ṣe dandan kẹ́ ẹ máa wá gẹ̀ẹ́sì kiri.

Ohun kan ṣá, ẹ má máa fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Stephen Ceci ní Yunifásítì Cornell ní kí wọ́n máa bi àwọn ọmọ jéléósinmi léraléra, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣé pańpẹ́ eku ti mú ìka wọn rí débi tí wọ́n fi gbé wọn lọ ọsibítù, kò ṣẹlẹ̀ rí o, nígbà tó yá ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe dùn wọ́n tó. Torí náà "ta ló wà ńbẹ̀?" sàn ju "ṣé àǹtí ẹ ò nà ẹ́?" lọ. Tó bá sì ní ajá tẹ́ ẹ jọ rí ní Yábàá pupa ni, tẹ́yin mọ̀ pé dúdú ni, ẹ kàn sọ pé "lójú tèmi dúdú ni," kẹ́ ẹ wá gbọ́ bó ṣe máa jiyàn títí ẹ fi máa délé.