Èsì wa sí oníbàárà wa ní Kétu: iṣẹ́ yín lè má tíì sọnù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ fún wa ní ìràwọ̀ méjì, ẹ ní server Forgejo (ètò tó ń tọ́jú kóòdù tí a fi Git kọ sílẹ̀) tí ẹ rà lọ́wọ́ wa ní Àjàṣẹ́ ní mirror, ìyẹn ẹ̀dà kejì tó ń ṣe ohun tí server bá ṣe, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ yín fi `git push --force` kọ nǹkan mìíràn lé main, olórí ẹ̀ka iṣẹ́ yín, lórí, iṣẹ́ sì pòórá lórí mirror náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá iṣẹ́ ná. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa fódà rẹ̀ rẹ́ kó tún un clone (kó gba ẹ̀dà tuntun láti orí server). Lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ti pull (tó ti fa iṣẹ́ wá láti orí server) ṣáájú àṣìṣe náà, ẹ tẹ `git reflog show origin/main`. Ibẹ̀ ló yẹ kí commit àtijọ́ (iṣẹ́ tí Git ti fi pamọ́) wà. Tí kò bá sí, ẹ wọ inú fódà repo (ibi tí kóòdù yín wà) lórí server, pẹ̀lú user tí Forgejo ń lò. Ẹ má fi root, user alágbára jù lọ, ṣe é o, àwọn fáìlì tuntun á di ti root, Forgejo ò sì ní lè kọ nǹkan sí wọn mọ́. Ẹ tẹ `git config gc.auto 0` kíákíá: gc, ìgbálẹ̀ Git, máa ń fi ohun tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀, àmọ́ èyí tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀ka kankan ò dì mú mọ́, ó lè gbá a dànù nígbàkigbà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `git fsck --lost-found`, tó ń wá ohun tí ẹ̀ka kankan ò dì mú mọ́. Ẹ fi `git log -1` wo gbogbo èyí tó bá pè ní "dangling commit" níkọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá rí i, `git branch igbala` pẹ̀lú nọ́mbà rẹ̀ á dì í mú.

Ní ti mirror, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lórí server, á pa á rẹ́ lórí tirẹ̀ náà. Tí server bá jóná, á gbà yín. Àṣìṣe ọwọ́ kọ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ fi ààbò sórí main nínú Settings, lábẹ́ Branches, kí force má wọlé mọ́. Kí cron (ohun tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí ẹ bá dá fún un) sì máa ṣe `git bundle create` pẹ̀lú `--all` lálaalẹ́, ìyẹn ni pé kó di gbogbo ẹ̀ka sínú fáìlì kan, kó fi déètì sórúkọ fáìlì, kí `git bundle verify` tẹ̀ lé e. Bundle tẹ́ wa lọ́rùn ju kí a da fódà kọ lọ, torí bí ẹnì kan bá ń push lọ́wọ́, ẹ̀dà fódà lè dàrú. Ẹ tọ́jú ti ọjọ́ 14 sórí dísìkì tí ẹ ń yọ. LFS (àwọn fáìlì ńlá) àti issue (àwọn ìṣòro tí ẹ kọ sílẹ̀ lórí Forgejo) kò sí nínú bundle. `forgejo dump` lẹ máa fi kó ìyẹn.

Kí ẹ tó fa main padà, ẹ fi ohun tí fsck kọ jáde ránṣẹ́ sí wa, a ó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́.