Ṣé Ipasẹ̀ Jésù Lẹ Tẹ̀ ní Via Dolorosa?

Ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ JP (Jerusalem Pilgrim, àwọn Kristẹni tó rìnrìn àjò ìjọsìn lọ sí Jerúsálẹ́mù) máa ń jẹ́ tí wọ́n bá dé láti Jerúsálẹ́mù kò ju ọ̀kan lọ: "Ẹsẹ̀ mi yìí tẹ ibi tí ẹsẹ̀ Jésù tẹ̀." Ìjọ á sì hó yèè. Ìyá ìyàwó mi náà sọ ọ́, wọ́n tún ní fọ́tò: àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àgbélébùú onígi léjìká, wọ́n ń gòkè láàárín àwọn ìsọ̀ tùràrí ní Via Dolorosa, ọ̀nà tí wọ́n ní Jésù gbé àgbélébùú gbà. Mi ò já wọn níyàn lójú agbo. Àmọ́ ọ̀nà yẹn kọ́.

Lọ́dún 70, Titus kó ogun Róòmù wọ Jerúsálẹ́mù, ó wó o palẹ̀. Nígbà tó yá, Hadrian, olú ọba Róòmù, tẹ ìlú mìíràn dó sórí àlàpà rẹ̀, ó pè é ní Aelia Capitolina. Láti ìgbà náà, ìjọba tó bá dé á kọ́ tirẹ̀ lé ti àtijọ́. Odi tó yí ìlú àtijọ́ náà ká, tí gbogbo èèyàn ń yà fọ́tò nídìí rẹ̀ pàápàá, Suleiman, ọba àwọn Tọ́kì, ló mọ ọ́n, láàárín 1537 sí 1541. Ilẹ̀ ayé Jésù ti wọlẹ̀ lọ ní mítà mélòó kan lábẹ́ òkúta tí bàtà wa ń dán. Ibodè olókùúta tó wà lójú ọ̀nà náà, tí wọ́n ní abẹ́ rẹ̀ ni Pílátù ti wí pé "Ẹ wo ọkùnrin náà", iṣẹ́ ìgbà Hadrian ni. Pílátù ti kú tipẹ́.

Èyí tó tóbi jù ni ibi tí ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀. Apá ìlà-oòrùn, níbi tí ilé odi Antonia, ibùdó àwọn ọmọ ogun Róòmù, wà nígbà náà, ni Via Dolorosa ti gbéra, torí wọ́n gbà pé ibẹ̀ ni Pílátù ti dá Jésù lẹ́jọ́. Àmọ́ Philo, Júù ará Alẹkisáńdíríà tó gbáyé nígbà kan náà pẹ̀lú Pílátù, kọ ọ́ pé ààfin Hẹ́rọ́dù ni gómìnà náà ń lò ní Jerúsálẹ́mù. Apá ìwọ̀-oòrùn ni ààfin yẹn wà, nítòsí Ẹnubodè Jaffa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n ti dá Jésù lẹ́jọ́. Ó dà bí ẹni tó ń bọ̀ ní Ìbàdàn láti Ìlọrin, tí a wá ń sọ pé Èkó ló ti gbéra.

Ta ló wá la ọ̀nà yìí? Àwọn arìnrìn-àjò fúnra wọn ni. Ní ọ̀rúndún kẹjọ, wọ́n ń gba Òkè Síónì. Nígbà tó yá, Kátólíìkì ilẹ̀ Yúróòpù ṣètò ibùdó 14, ibi tí wọ́n ti ń dúró gbàdúrà láti rántí ìrìn Jésù lọ sí orí àgbélébùú, sínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn nílé, wọ́n dé Jerúsálẹ́mù, wọ́n ń wá mẹ́rìnlá náà níbẹ̀. Kí ni Jerúsálẹ́mù ṣe? Ó pé e fún wọn! Ẹ wá inú Bíbélì títí, ẹ ò ní rí Veronica, obìnrin tí wọ́n ní ó nu ojú Jésù lójú ọ̀nà, ẹ ò sì ní rí ibi tí Jésù ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má lọ o. Àdúrà tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, àdúrà gidi ni. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ibi tó ti wà nígbà ayé Jésù, kó lọ sí àtẹ̀gùn tó wà ní gúúsù Òkè Tẹ́ḿpìlì, èyí tí wọ́n hú jáde lẹ́yìn 1967. Ibẹ̀ ni ogunlọ́gọ̀ ń gbà gòkè lọ jọ́sìn, díẹ̀ lára òkúta ìgbà yẹn sì ṣì wà níbẹ̀.

Mo bi ìyá ìyàwó mi bóyá wọ́n débẹ̀. Wọ́n ní rárá, ọjọ́ yẹn làwọn lọ ra òróró ólífì.