Irọ́ Tó Wà Lára Páálí Hard Drive

Inú ń bí mi gidigidi, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi ń gba àwọn àwo orin bàbá mi sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, lálaalẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ mi. Nínú àwo 212 tí mo gbà sílẹ̀, 71 péré ló ń dún lónìí. Olè kò jà mí, iná kò jó ilé mi. Hard drive, àpótí kékeré tí à ń kó fáìlì kọ̀ǹpútà pamọ́ sí, tí wọ́n kọ 2TB gàdàgbà sí lára, àmọ́ tí kò lè gbà ju 64GB lọ (nǹkan bí 1,000GB ló wà nínú 1TB), ni mo kó gbogbo iṣẹ́ náà sí.

Ẹni tí kò bá ṣe irú iṣẹ́ yìí rí lè rò pé kí á kàn tẹ bọ́tìnì ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú kan ṣoṣo lára àwo àpàlà tàbí jùjú sábà máa ń tó nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, tí orin kan yóò máa wọnú òmíràn láìdánu dúró, kò sì sí ọgbọ́n tí ènìyàn lè dá tí yóò fi yá ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí àwo bá gba 40 ìṣẹ́jú kó tó dún tán, 40 ìṣẹ́jú náà ni ìwọ yóò fi jókòó tì í. Mo máa ń kọ́kọ́ fi aṣọ rírọ̀ nu eruku rẹ̀, n ó pààrọ̀ abẹ́rẹ́ bó bá ti jẹ, n ó sì tẹ orúkọ olórin àti ọdún tí àwo jáde sínú fáìlì. Bí iná bá lọ láàárín, mo gbọ́dọ̀ tún ojú àwo náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Yusuf Ọlátúnjí onísákárà kú ní ọdún 1978, Haruna Ìṣọ̀lá alápàlà sì kú ní ọdún 1983. Kò sí ẹni tó máa tún orin wọn kọ fún wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní 24-bit, 96kHz, ìwọ̀n tó ń gba ohùn sílẹ̀ kúnnákúnná, tí mo sì fi wọ́n pamọ́ ní irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní FLAC, nítorí FLAC kì í gé ohunkóhun dànù lára ohùn bí MP3 ti ń ṣe. Àwo kọ̀ọ̀kan ń gbà tó nǹkan bí 850MB, ìyẹn kò tó 1GB. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi kò ní àyè fún un, ni mo bá lọ sí ọjà lọ ra external, ìyẹn hard drive tí à ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta.

Ọmọkùnrin tó tà á fún mi tẹríba kí mi. Ó ní, “Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀, ojúlówó ni, kì í ṣe tòkunbọ̀.” Mo ní kó kì í bọ kọ̀ǹpútà kí n rí i. Ó kì í bọ̀ ọ́, Windows sì kọ 1.81TB. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni 2TB tòótọ́ ṣe máa ń hàn, nítorí pé 1,000 ni àwọn tó ń ṣe hard drive fi ń ṣe òǹkà tiwọn, 1,024 sì ni Windows fi ń ṣe tirẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀, mo sanwó. Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: ìmọ̀ díẹ̀ tí mo ní gan-an ni àwọn oníjìbìtì náà fi mú mi, nítorí wọ́n ti ṣírò rẹ̀ ṣáájú mi.

Nígbà tí mo tú ike dúdú tó ń dán náà, káàdì kékeré, irú èyí tí à ń kì bọ fóònù, ni mo bá nínú rẹ̀. Wọ́n ti yí ìtọ́ni inú ṣíìpù tó ń darí rẹ̀ padà, kó lè máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà pé àyè 2TB wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí 64GB bá kún, kò ní sọ pé òun kò gba fáìlì tuntun mọ́. Yóò gbà á, yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, yóò kọ bó ṣe tóbi tó, yóò fi ọjọ́ sí i, ṣùgbọ́n ohùn tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ kò ní sí níbì kankan. Òmíràn tiẹ̀ wà tó ń padà lọ kọ tuntun lé àtijọ́ lórí. Mo máa ń gbọ́ orin kọ̀ọ̀kan dáadáa kí n tó kó o lọ síbẹ̀, n kò mọ̀ pé ó yẹ kí n tún un gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ń ṣí fódà wò, mo ń rí orúkọ tí wọ́n tò bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà, mo sì ń pa èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ́ kí àyè lè wà fún àwo tó kàn. Ọjọ́ ìrántí bàbá mi ni àṣírí tú. Ẹbí ti jókòó, mo ní kí n fi sákárà tó fẹ́ràn jù lọ ṣí ètò, ẹ̀rọ dákẹ́ rọ́rọ́. Mo yan òmíràn, ìyẹn náà dákẹ́. Mo padà lọ bá ọmọkùnrin náà, ó ní ọjà tí àwọn bá ti tà, àwọn kì í gbà á padà.

Ẹ má sì rò pé àwọn tó ń ṣe ojúlówó mọ́ ní ọwọ́. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta péré, Seagate, Western Digital àti Toshiba, ló kù tó ń ṣe hard drive alááwo, èyí tí àwo ń yí nínú rẹ̀, ní gbogbo ayé, kò sì yẹ kó ṣòro fún wọn láti kọ òtítọ́ sára páálí. Irú kan wà tí wọ́n ń pè ní SMR, tí ìlà tí dátà ń wọ̀ máa ń gun orí ara wọn bí páànù òrùlé. Ó dára fún gbígbọ́ orin, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá da ọgọ́rọ̀ọ̀rún GB sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín, níbi tí iná sì ti lè lọ nígbàkigbà, gbogbo wákàtí tó bá fi kún iṣẹ́ náà ewu ni. Oṣù kẹrin ọdún 2020, lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà ti tú u fó, ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́wọ́ pé àwọn ti ń ta SMR kan láìkọ ọ́ sínú ìwé àlàyé rẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ àṣírí? Nínú ọ̀pọ̀ àwọn kékeré tí a ń kì bọ àpò, ihò USB ti lẹ̀ mọ́ pátákó hard drive gan-an, débi pé bí ihò náà bá yẹ̀, a kò lè tú u kí a fi wáyà mìíràn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Wọn kò kọ ìyẹn náà. Wáráńtì wọn ń ṣèlérí hard drive tuntun. Orin tó wà nínú èyí tó bàjẹ́ kò kàn wọ́n.

Àwọn ọlọ́jà ń ti 5TB sí mi lọ́wọ́. Àwo 212 mi kò tó 200GB! 1TB méjì ni mo fẹ́, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi, kí èkejì wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìbàdàn, mo sì fẹ́ dán wọn wò kí n tó sanwó tán. H2testw, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan tó wá láti Jámánì, ń kọ nǹkan kún hard drive dé ẹnu, yóò sì tún un kà padà láti mọ̀ bóyá ohun tí a kọ ló wà níbẹ̀. Ó lè gba 1TB ní wákàtí mẹ́ta láti kọ, kó tún tó bẹ́ẹ̀ láti kà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ méjì péré, kí n gbé e dá wọn padà bó bá jẹ́ ayédèrú. Ìsọ̀ mẹ́rin ni mo dé, kò sí èyí tó gbà. Ọ̀gá tó wà ní ìkẹrin sọ fún mi pé, “Alàgbà, bí ẹ kò bá gbà wá gbọ́, ẹ máa lọ.” Ẹni tó ń ta gààrí ń jẹ́ kí a tọ́ ọ wò!

Nínú àwo 141 tó pòórá, mo lè tún 103 gbà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò gbà mí ní oṣù púpọ̀. 38 tó kù jẹ́ ti àbúrò bàbá mi, tó yá mi wọn, tí mo sì ti dá padà fún un. Nígbà tí ẹnìkan tó ń kó àwo àtijọ́ lọ sí ìlú òyìnbó fi owó lọ̀ ọ́, ó ránṣẹ́ sí mi kó tó tà wọ́n. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ fún un pé, “Ẹ tà wọ́n, sà. Gbogbo rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi.”