Ẹni tó ta bọ́ńpà fún yín kọ́ ló máa so wáyà rẹ̀

Gbogbo èèyàn ló fẹ́ ṣe upgrade báyìí, ìyẹn kí wọ́n sọ ojú ọkọ̀ àtijọ́ di ti tuntun. Jíìpù 2010 á wọ ilé panel beater, nígbà tó bá fi máa jáde, ó ti di 2020. N kò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Ojú tuntun wuyì. Èrò ọkàn mi ni pé ìbéèrè tí a máa ń kọ́kọ́ béèrè ni kò tọ́. A máa ń béèrè pé èló ni bọ́ńpà. Ẹni tí a máa dì mú tí nǹkan bá yíwọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ lè wọ ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí ọjà ASPAMDA ní Trade Fair, kí ẹ ra gbogbo rẹ̀ jọ: bọ́ńpà, gírílì, iná iwájú, fẹ́ńdà, bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ará Ìbàdàn á lọ Àràrọ̀mí ní Agodi Gate. Ẹ ó wá kó o fún panel beater yín. Ó máa ń dín owó kù, n ò ní purọ́. Òǹtajà tó mọ ọjà rẹ̀ náà wúlò: á sọ èyí tó jẹ́ tòkunbọ̀ fún yín, èyí tó jẹ́ Taiwan (tuntun tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀), àti èyí tí wọ́n fi fibre ṣe, tó máa là nígbà àkọ́kọ́ tó bá fẹnu kan gọ́tà. Àmọ́ bí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí. Bí ẹ bá padà lọ sọ pé iná kò tàn, á ní òun ò mọ ẹni tó so ó, òótọ́ ló sì sọ. Aláṣọ kì í dáhùn fún iṣẹ́ télọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú jíìpù Lexus GX 460. Ẹ́ńjìnnì V8 oní-lítà 4.6 ló wà nínú ti 2010 àti ti 2020, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi rò pé bọ́ọ̀tì ni wọ́n kàn máa tú, kí wọ́n sì dè é padà. Ibi iná iwájú ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. LED ni ti 2020, ti 2010 kì í ṣe LED, ẹnu wáyà wọn kò sì bára mu. Ẹni tó mọṣẹ́ á wá wáyà tó máa so méjèèjì pọ̀ láìgé èyí tó bá ọkọ̀ wá. Riwáyà (oníná ọkọ̀) ẹ̀gbẹ́ títì á gé e, á lọ́ ọ pọ̀, á fi téèpù dúdú wé e. Á tàn o. Á máa tàn títí òjò á fi dé.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù kò hàn síta. Irin gbọọrọ kan wà lẹ́yìn bọ́ńpà tó ń gba ìkọlù kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Iwájú níbẹ̀ náà ni àwọn sẹ́ńsọ̀ tó ń ta airbag lólobó wà. Bí ojú tuntun bá kọ̀ tí kò jókòó, àwọn kan á gé irin yẹn, wọ́n á sún sẹ́ńsọ̀ síbi tó bá ti gbà. Lóde, ọkọ̀ ń dán. Ẹ kò ní mọ̀, àfi ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn.

Nítorí náà, ohunkóhun tó bá kan wáyà, airbag, bíréèkì tàbí brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀), ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi iṣẹ́ yẹn nìkan jẹun ni kí ẹ lọ, kódà bó wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ lajú o. Ọ̀pọ̀ tó kọ "upgrade" sára pátákó, òǹtajà lásán ni wọ́n. Ládípọ̀ kan náà ni wọ́n ń rán ọmọ iṣẹ́ lọ, wọ́n á wá bu owó lé e. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe tán, kí ẹ wo wáyà rẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á fi scanner, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú ọkọ̀, yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbé e lọ. Kí rìsíìtì kan ṣoṣo kó ọjà àti iṣẹ́ pọ̀. Èmi tún fẹ́ràn ẹni tó bá lè wò mí lójú pé, "Ẹ̀gbọ́n, èyí kò ṣeé ṣe lára ọkọ̀ yìí."

Rìímù ńkọ́? Ìyẹn, ẹ rà á lọ́jà láìbẹ̀rù, tí ẹ bá ti mọ ìṣirò rẹ̀. Bí nọ́ńbà ara táyà yín bá jẹ́ 265/60R18 (rìímù 18 nìyẹn), tí ẹ wá fẹ́ rìímù 20, táyà 265/50R20 ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ga bákan náà, ojú tó ń ka eré kò sì ní purọ́. Òǹtajà tó bá lè ṣàlàyé ìyẹn fún yín, ẹ máa bá a ṣe é lọ. Èyí tó bá kàn ní "á gbà á", ẹ kí i, kí ẹ kọjá.

Bí owó kò bá tó ti ẹni tó mọṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ojú 2010 ṣì máa bá yín rìn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra èyí tí ẹlòmíì ti yí ojú rẹ̀ padà ńkọ́? Lára ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá nínú nọ́ńbà chassis ló ń sọ ọdún. A ni 2010, L ni 2020. Bí ẹni tó ń tà á bá ń búra pé 2020 ni, tí ẹ sì rí A níbẹ̀, iye 2010 ni kí ẹ ná an.