AMD Kì Í Ṣe Àdàkọ Intel

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ẹnì kan tí a jọ ń ra ìpín ìdókòwò ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tún ń kìlọ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n má fi owó ṣòfò lórí AMD, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe ṣíìpù tí ó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, nítorí pé ohun tí Intel, ilé-iṣẹ́ ṣíìpù tí wọ́n jọ ń díje, bá ṣe ni AMD máa ń dà kọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́.

Lóòótọ́, àdéhùn kan wà ní ọdún 1982 tí AMD fi ń ṣe irú ṣíìpù Intel, nítorí pé IBM, tí ó ń fi ṣíìpù náà ṣe kọ̀ǹpútà, kò fẹ́ gbára lé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìtàn àtijọ́ nìyẹn.

Nígbà tí ṣíìpù bíìtì 32 (bíìtì ni a fi ń wọn bí nọ́ńbà tí ṣíìpù lè lò lẹ́ẹ̀kan ṣe tóbi tó) kò tó iṣẹ́ ńlá ṣe mọ́, tí ètò kọ̀ǹpútà kan kò lè lò ju gígábáìtì 4 mẹ́mọ́rì lọ, Intel àti ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà HP gbé ṣíìpù bíìtì 64 tí wọ́n ń pè ní Itanium jáde ní 2001. Ìlànà tuntun pátápátá ni, àwọn ètò tí àwọn oníbàárà ti fi owó ńlá rà tẹ́lẹ̀ sì ń wọ́ bí ìgbín lórí rẹ̀. AMD ní tirẹ̀ kò wó ilé àtijọ́, yàrá ni ó fi kún un. Ṣíìpù rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Opteron jáde ní oṣù kẹrin 2003, ó ń ṣe iṣẹ́ bíìtì 64, ètò bíìtì 32 sì ń sáré lórí rẹ̀ bí ó ti yẹ. Nígbà tí yóò fi di 2004, Intel fúnra rẹ̀ ti mú ìlànà AMD yìí sínú ṣíìpù Xeon rẹ̀. Ta ni ó wá da ta kọ? Sítíkà Intel ni ó wà lára kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ “amd64”, orúkọ ìlànà AMD yẹn, ni ó wà nínú orúkọ fáìlì tí mo fi gbé Debian, ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà, sórí rẹ̀.

Ó ń bí mi nínú nítorí pé èmi náà gbà á gbọ́ rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, ìpín AMD kò tó dọ́là 3, ti Intel sì tó nǹkan bí 30. Intel ni mo rà, mo ní ojúlówó ni mo mú. Ní oṣù kẹjọ 2024, Intel kéde pé òun yóò dá owó èrè orí ìpín dúró, ìpín náà sì já wálẹ̀ ní ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó bọ́ sí nǹkan bí dọ́là 21. AMD tí mo pè ní ayédèrú ti kọjá dọ́là 100 nígbà náà.

Mo gbà pé èyí kò sọ ẹni tí yóò borí lọ́la, nítorí pé TSMC, ilé-iṣẹ́ kan ní Taiwan tí ó ń bá àwọn ẹlòmíràn ṣe ṣíìpù, ni ó ń bá AMD ṣe àwọn ṣíìpù rẹ̀ tí ó lágbára jù, nígbà tí Intel ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ìdí tí kò fi ní ra AMD, ibẹ̀ ni kí ó ti wá a.